Ọdún tí Àǹtí Rúùtù Gbé Gìtá Wọlé Wa

Ọdún tí ilé-iṣẹ́ epo ní kí Bàbá mi máa lọ sílé ni ilé wa ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, dùn jù lọ. Mo mọ̀ pé bí àwọn òbí mi bá gbọ́ pé mo sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á mirí, torí àwọn ni wọ́n ru ẹrù ọdún náà. Ṣùgbọ́n ojú ọmọdé ni mo fi wò ó, ohun tí ojú náà sì rí ni pé Bàbá mi wà nílé láàárọ̀, wọ́n wà nílé lọ́sàn-án, wọ́n sì ń kọrin bí wọ́n ṣe ń fọ abọ́. Tẹ́lẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti máa ń wa mọ́tò lọ sí apá Spring níbi tí ọ́fíìsì wọn wà, àwa ọmọ á sì ti máa tòògbé kí wọ́n tó dé. Lọ́dún yẹn ni owó epo já wálẹ̀, àwọn ará àdúgbò wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n ń wá iṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn. Àwa ò lọ. Mọ́mì mi, tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì, fi kún wákàtí iṣẹ́ wọn ní ọsibítù, Bàbá mi sì gba ilé ìdáná. Ẹnjiníà ni wọ́n, bí ẹnjiníà náà ni wọ́n sì ṣe ń se ìrẹsì: wọ́n á dúró ti ìkòkò, wọ́n á máa wo aago. Ìrẹsì náà ṣì máa ń jóná.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá mi, wà lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú. Wọ́n ti Ìṣẹ́yìn wá láti tọ́jú àbúrò mi, Lukman, tí Mọ́mì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Wọ́n gbé odó kékeré kan wá nínú àpótí wọn, wọ́n fi ìró wé e bí ọmọ jòjòló. Bí mo bá dijú báyìí, mo ṣì ń gbọ́ ilé náà: tẹ̀sùbáà Ìyá Àgbà lẹ́yìn ìrun àsùbáà, tó ń dún ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́ bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù tó ń mí gùdùgùdù lójú fèrèsé, ìró mọ́tò lórí fíríwéè, títì márosẹ̀ ẹ̀yìn ọgbà wa, tó ń hó láìsinmi bí omi inú ìkòkò ńlá, àti odó yẹn, gbì, gbì, gbì. Iṣẹ́ tèmi ni kí n ká nápíìkì Lukman, kí n ṣa ẹ̀wà, kí n sì bó èèpo rẹ̀ fún mọ́ínmọ́ín. Ìyá Àgbà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi sì jẹ́ ọmọ tí wọ́n ń bá sọ Yorùbá tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Tí wọ́n bá pè mí, tí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ, wọ́n á ní àwọn ò mọ ẹni tó dáhùn yẹn, kí ó jọ̀ọ́ bá àwọn lọ pe Rónkẹ́ wá.

Ìgbà ọlidé gígùn ni Àǹtí Rúùtù dé. Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Mọ́mì mi ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó wá sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì ní ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀, nọ́ọ̀sì òyìnbó tí òun àti ọkọ rẹ̀ gba ọmọbìnrin kan tọ́ láti Kòríà. Ọmọ náà ni Rúùtù. Ó ti dàgbà, ó ń kọ orin fúnra rẹ̀, ó sì ń fi gìtá gbè é. Àwọn tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde ní London sọ fún un pé ohùn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò bá irú orin tó ń kọ mu, àwọn ò sì mọ ẹni tó máa rà á. Ó wá pinnu pé òun á dá ṣe é: òun á kọ ọ́, òun á gbà á sílẹ̀, òun á sì tà á fúnra òun. Ẹnì kan ti sọ fún un pé kò sí ilé ọtí ní Texas tí kì í wá olórin. Ó kọ̀wé sí Mọ́mì mi, Mọ́mì mi sì ní kó máa bọ̀, yàrá wà. Wọ́n ní kí n máa fi ọ̀wọ̀ pè é bí ẹni tó jù mí lọ, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì lèmi àti ẹ̀ jọ ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ò sì mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé. Bó ṣe mọ́ mi lára nìyẹn. Kí ẹ má bínú sí mi tí mo bá ń pè é ní "ó" nínú ìtàn yìí.

Ó wọlé ní ìrọ̀lẹ́, gìtá lẹ́yìn, ó kúnlẹ̀ fún Ìyá Àgbà, ó sì kí wọn ní "ẹ káàárọ̀, mà," torí ìkíni yẹn nìkan ni Mọ́mì mi ráyè kọ́ ọ ní Leeds. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ní ọjọ́ mélòó kan sí i, àwa mẹ́ta jókòó sídìí tábìlì, à ń ṣa ẹ̀wà. Ìyá Àgbà ní kí n bi í pé ta ni ìyá rẹ̀. Ó dárúkọ ìyá rẹ̀ ní Leeds. Ìyá Àgbà ní ẹni ire nìyẹn, kí Ọlọ́run san án fún un, ṣùgbọ́n ẹni tó bí i ńkọ́? Àǹtí Rúùtù ní òun ò mọ̀ ọ́n. Òun ò tíì lè sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n gbé òun dé ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, kò sì sí ẹnì kankan tó sọ ohunkóhun fún òun nípa ilẹ̀ náà láti ìgbà yẹn. Mo túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe lè túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Àgbà ń fi ọwọ́ yí ẹ̀wà inú àwo.

"Sọ fún un pé ẹni tó bí i kọrin fún un," ni wọ́n wí. "Ọmọ tó ń sunkún, ìyá rẹ̀ á kọrin fún un ni. Kó lọ wá orin yẹn."

Àǹtí Rúùtù gbé ẹ̀wà ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ti kọ orin nípa ọkọ̀ ojú irin, nípa òjò, nípa ọkùnrin tó já a kulẹ̀. Kò sí èyí tó kọ nípa ohun tí Ìyá Àgbà sọ yìí. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Àgbà ti ń pè é ní Àníkẹ́.

Ilé ọtí àkọ́kọ́ tó gbà á wà ní Richmond. Kò ní mọ́tò, Bàbá mi sì ní àwọn ò ní ibì kan tí àwọn ń lọ, àwọn á gbé e lọ. Bí Bàbá mi, Mùsùlùmí tí kì í fẹnu kan ọtí, ṣe di ẹni tí àwọn ọlọ́tí mọ̀ láti Richmond dé Spring nìyẹn. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọlé, wọ́n á so wáyà, wọ́n á bèèrè omi òsàn, wọ́n á sì jókòó ti ògiri. Nígbà tí Ìyá Àgbà bèèrè ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n ní ibi iṣẹ́ ni, irọ́ kọ́ sì ni. Àwọn èèyàn ibẹ̀, àwọn awakọ̀ àti àwọn tó ń wa epo, kọ́kọ́ máa ń wo Àǹtí Rúùtù bíi pé ó ṣìnà. Tó bá ti kọ orin kan tán, wọ́n á yí àga wọn sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, gbogbo wa máa ń lọ ra ẹja gbígbẹ, ata lílọ̀ àti ẹ̀fọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ará Kòríà kan tí kò jìnnà sílé. Ọkùnrin kan ló ni ín, ìyá rẹ̀ sì máa ń jókòó nídìí káńtà, arúgbó kúkúrú kan tó wọ súwẹ́tà nínú ooru Houston. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Àǹtí Rúùtù bá wa lọ, ojú màmá náà tàn, wọ́n bá a sọ èdè wọn. Àǹtí Rúùtù fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé òun ò gbọ́. Màmá tún un sọ, wọ́n fà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń bá adití sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé lóòótọ́ ni kò gbọ́, wọ́n yíjú sí ọmọ wọn, wọ́n sọ nǹkan kan, wọ́n sì kẹ̀yìn sí wa. Ọkùnrin náà ò fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Àǹtí Rúùtù rọ̀ ọ́ títí ó fi sọ ọ́: màmá òun ń bèèrè irú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ tí ó fi sọ èdè rẹ̀ nù. Àǹtí Rúùtù rọra gbé kábéèjì tó mú padà sórí igbá, ó sì lọ jókòó sínú mọ́tò. Bí a ṣe ń lọ sílé, ó ní òun ò ní wọ ibẹ̀ mọ́, òun ò sì ní wá orin kankan mọ́, èyí tí òun ń kọ tó òun.

Ìyá Àgbà bi mí lọ́rọ̀ wò, mo sì ṣàlàyé fún wọn. Nígbà tó di Sátidé tó tẹ̀ lé e, òórùn àkàrà ló jí wa. Wọ́n ti wọṣọ, wọ́n ti fi ìborùn borí, wọ́n ní kí Bàbá mi gbé àwọn lọ sọ́dọ̀ ìyá yẹn, kí èmi náà tẹ̀ lé àwọn nítorí ọ̀rọ̀ sísọ, kí Àníkẹ́ sì wá jókòó sínú mọ́tò tí kò bá fẹ́ wọlé. Bàbá mi ní, "Màmá, ẹ má lọ bá wọn jà o." Ìyá Àgbà ní àkàrà kọ́ ni wọ́n fi ń jà.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ rèé: Ìyá Àgbà á sọ Yorùbá, èmi á sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin yẹn á sọ ọ́ di èdè Kòríà fún ìyá rẹ̀. Mi ò tíì ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n kọ́kọ́ kí ara wọn, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè eékún. Màmá jẹ àkàrà kan, wọ́n mi orí. Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé káńtà.

"Sọ fún un pé ọmọ yẹn ò sọ èdè rẹ̀ nù. Wọ́n gbé e kúrò kó tó lẹ́nu láti sọ ọ́."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ màmá, wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọmọ wọn lẹ́ẹ̀kejì bóyá ohun tí a sọ nìyẹn. Wọ́n nu ọwọ́ wọn nù, wọ́n jáde láti ẹ̀yìn káńtà, wọ́n gba iwájú wa kọjá lọ síta, wọ́n sì lọ kan gíláàsì mọ́tò níbi tí Àǹtí Rúùtù jókòó sí. A dúró lẹ́nu ọ̀nà, à ń wò wọ́n. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, Àǹtí Rúùtù náà ò sì gbọ́ ọ. Ó kàn sọ gíláàsì kalẹ̀, màmá sì gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e lẹ́rẹ̀kẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wá sílé wa ní ọ̀sán Sunday tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Hálmọnì ni ọmọ wọn ní ká máa pè wọ́n, bí àwọn ṣe ń pe ìyá àgbà. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ sí Àlímọ̀tù, inú wọn sì dùn gan-an pé Mùsùlùmí ni. A ṣàlàyé fún wọn pé ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń bọ̀. Wọ́n ní orúkọ tó ń jẹ́ ti sọ ọ́. Àwọn méjèèjì ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ láti ọ̀sán títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Hálmọnì kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fi iyọ̀, ata àti áyù ṣe kímṣì, kábéèjì tó máa ń kan díẹ̀díẹ̀ nínú ìgò. Ìyá Àgbà ní èèyàn tó lè da ata tó báyẹn sí oúnjẹ, kò sí bí kò ṣe ní jẹ́ ẹbí àwọn. Bàbá mi ń fi í jẹ ìrẹsì wọn tó jóná, wọ́n ní kò hàn mọ́ pé ó jóná. Lẹ́yìn oúnjẹ ni ẹ̀kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀. Hálmọnì á na ìka sí nǹkan, Àǹtí Rúùtù á pè é: omi, ṣíbí, ìkòkò, ọmọ. Èmi náà á jókòó tì í, Ìyá Àgbà á sì máa bi mí ní Yorùbá ohun tí wọ́n pè. Kí n tó mọ̀, Yorùbá ni mo ń fi dá wọn lóhùn. Kò sí ẹni tó sọ pé kí n ṣe é. Ó rí bí ìgbà tí ẹnì kan ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, tí ẹsẹ̀ tìrẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, orin. Gbogbo orin tí ìyá fi ń rẹ ọmọ tí Hálmọnì mọ̀ ni wọ́n kọ fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa wo ojú rẹ̀ bóyá á dá ọ̀kan mọ̀. Àǹtí Rúùtù á dijú. Kò dá èyíkéyìí mọ̀. Ní ọjọ́ tí orin tán, ó bú sẹ́kún, ó ní kò sí nǹkan kan nínú orí òun, òun ti ń fi àkókò gbogbo èèyàn ṣòfò. Hálmọnì fi ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní dá a lóhùn.

"Kò burú. Mú tèmi."

Orin tí ìyá àwọn gan-an fi ń rẹ àwọn ni wọ́n kọ fún un, èyí tí wọn ò tíì kọ níṣojú wa rí. Lukman sùn lẹ́yìn Ìyá Àgbà kó tó parí. Mo ti di àgbà obìnrin báyìí, mo ti bí ọmọ, mo ti rẹ ọmọ-ọmọ, mo sì mọ ohun tí màmá yẹn ṣe lọ́jọ́ náà. Ohun tó jẹ́ tìyá wọn nìkan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fún ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n sì fún un bí ẹni ń fún ọmọ ní búrẹ́dì.

Àǹtí Rúùtù fi orin náà ṣe ègbè orin tuntun kan. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìyókù, nípa ilé kan tí ìkòkò pọ̀ lórí iná rẹ̀. Bàbá mi sọ gàráàjì di ibi ìgborinsílẹ̀: wọ́n lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri, wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ dí ilẹ̀kùn, wọ́n sì fi aṣọ onírun bo fèrèsé. Tí wọ́n bá ti fẹ́ gba orin sílẹ̀, a gbọ́dọ̀ pa ẹ̀rọ amúlétutù, kí gbogbo ilé sì pa kẹ́kẹ́. Òógùn á máa ro lójú àwọn méjèèjì bí ẹni tó ń yan ẹran. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, Lukman á ké. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, fóònù á dún. Ìgbà tó kọ ọ́ dára jù lọ, tí ohùn rẹ̀ rọ̀ tí ó sì dúró digbí, àwọn ìyá méjèèjì wà ní ilé ìdáná, wọ́n ti gbàgbé ìkìlọ̀. Hálmọnì ń gún áyù nínú odó Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà sì tọ́ ọbẹ̀ wò, wọ́n sọ ọ́ jáde ketekete pé, "Iyọ̀ ò tíì tó." Gbogbo rẹ̀ wọnú téèpù. Bàbá mi fọwọ́ lérí, wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe. Àǹtí Rúùtù tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

A da orin náà kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì ní pálọ̀, Mọ́mì mi fi ọwọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, Bàbá mi sì ń tà á nínú búùtù mọ́tò lẹ́yìn tí Àǹtí Rúùtù bá kọrin tán. Ó mú ọ̀kan lọ sí ilé rédíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé e sáfẹ́fẹ́. Gbogbo wa rọ̀gbà yí rédíò ká, Hálmọnì àti ọmọ wọn náà wà níbẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀, odó ń dún lábẹ́ rẹ̀, gbì, gbì, bíi pé wọ́n dìídì fi í síbẹ̀, ohùn Ìyá Àgbà sì jáde lórí gbogbo Houston pé iyọ̀ ò tíì tó. Bàbá mi ṣubú sórí àga. Ìyá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé gbogbo ayé ti wá gbọ́ báyìí pé àwọn ò mọ ọbẹ̀ sè.

Rédíò yẹn mú ọkùnrin kan wá, tó ní gbọ̀ngàn ijó ńlá kan ní apá Pearland. Ó fẹ́ kí Àǹtí Rúùtù máa kọrin níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, irú iṣẹ́ tó ti ń wá láti ìgbà tó ti kúrò ní ilé òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kó wọ aṣọ ṣẹ́dà, kó mú abẹ̀bẹ̀ oníwèé dání, kó sì fi orin arúgbó yẹn sílẹ̀, nítorí àwọn tó wá jó ò ní fẹ́ sùn. Ọjọ́ tó ní kó bẹ̀rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì Hálmọnì fẹ́ ṣe ìkórè fún àwọn àgbà, tí wọ́n sì ti ní kí Àǹtí Rúùtù wá kọrin. Ó ń rìn káàkiri ilé. Ó bi Bàbá mi léèrè ohun tí wọ́n rò, wọ́n ní wáyà làwọn ń so, orin kọ́. Ó bi Mọ́mì mi. Mọ́mì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, wọn ò tíì bọ́ bàtà. Wọ́n ní, "Ilé ẹ ní Leeds dára, o fi sílẹ̀ torí pé o fẹ́ kọ orin ara ẹ. Ṣé orin ara ẹ lọkùnrin yìí ń bèèrè?" Ó pe ọkùnrin náà, ó ní òun dúpẹ́, òun ò ní lè wá. Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá rẹ̀, a ò sì rí i títí di ìgbà oúnjẹ.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì náà kún. Àwọn ìyá àti àwọn bàbá àgbà ló wà níwájú, aṣọ wọn ń dán, àwọn ọmọ ń sáré láàárín àga. Àwa nìkan ni adúláwọ̀ ibẹ̀, Ìyá Àgbà sì jókòó bí ẹni tó bá wọn kọ́ ọ. Àǹtí Rúùtù jókòó níwájú wọn, ó gbé gìtá sórí itan. Ó fi èdè wọn kí wọn, àwọn kan rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ orin náà, ó kọ ọ́ dé ìdajì, ọ̀rọ̀ sì fò lọ lórí rẹ̀. Gìtá ń lọ, ẹnu dúró. Hálmọnì ò dìde. Láti orí àga wọn ni wọ́n ti mú ìlà tó kàn, bí ẹni tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti bọ́ sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Àǹtí Rúùtù gbà á lẹ́nu wọn. Ohùn mìíràn tún dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Ìyá Àgbà ni. Orin yẹn ni wọ́n fi ń rẹ Lukman láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ ọ, wọ́n sì ti fi Yorùbá dí gbogbo ibi tí wọn ò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀: orúkọ Lukman wà níbẹ̀, ẹ̀bà wà níbẹ̀, Ìṣẹ́yìn wà níbẹ̀. Àwọn ìyá tó wà níwájú yí ọrùn padà. Ọ̀kan fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń gbọn èjìká rẹ̀. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e, títí gbogbo ìlà iwájú fi ń rẹ ọmọ kan náà. Lukman, tí wọ́n kọ ọ́ fún, lajú sílẹ̀ rekete, ó ń pàtẹ́wọ́.

Wọ́n ra gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó wà nínú búùtù. Lára àwọn tó rà á ni ọkùnrin kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ilé kọfí ní Seoul, olú ìlú Kòríà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń gbọ́ olórin. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n pè é láti wá kọrin níbẹ̀. Bàbá mi ti rí iṣẹ́ mìíràn nígbà náà, wọ́n ti ń dé lálẹ́ padà, ìrẹsì ò sì jóná mọ́. Àǹtí Rúùtù ò rí ìyá tó bí i, ní ọdún náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá a. Ó ṣì ń kọrin títí dòní, ó ṣì ń gbé kásẹ́ẹ̀tì àti ohun tó ti rọ́pò kásẹ́ẹ̀tì jáde fúnra rẹ̀, kò sì sí ilé-iṣẹ́ kankan tó ni ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kété lẹ́yìn tí Àǹtí Rúùtù lọ, a ń jẹ búrẹ́dì àti ẹyin, fóònù ara ògiri dún, èmi ni mo gbé e. Òun ni, láti Seoul. Mo bi í bí ibẹ̀ ṣe rí.

"Rónkẹ́," ó ní, "mo ti rin gbogbo ìgboro láti àárọ̀. Kò sí ẹnì kan tó yíjú wò mí."

Mo fẹ́ bá a kẹ́dùn, àfi bí mo ṣe gbọ́ ọ tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ẹ̀rín ẹni tó gbé ẹrù wíwúwo sọ̀. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà bèèrè ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Mo yíjú sí wọn, mo sì sọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá, gbogbo rẹ̀ pátá, láìdúró wá ọ̀rọ̀ kankan.